Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Wá Ẹtu Tó Lè Bú Dáadáa

Ẹ yéé wo gílóòbù yẹn. Iná ti lọ, wíwò tí ẹ ń wò ó kò sì ní kó tètè dé. Ẹ bọ́ síta, ẹ sún mọ́ bí lábẹ́ igi ọdán yìí, kí ẹ ká ẹsẹ̀ kò kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ráàyè jókòó. Mo mọ̀ pé ètò Táíbàtù lẹ wá wò nílé yìí. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́ta ò tíì kọjá dáadáa. Kí iná tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí ètò náà ṣe kù díẹ̀ kó kú, àti bí ọdẹ kan ṣe torí rẹ̀ wọ igbó iwin.

Ọdẹ́rìndé ni orúkọ ọdẹ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yìí, kó panu mọ́. N kò ní sọ pé "èmi ni" nínú ìtàn yìí, bí ẹ bẹ̀ mí títí ó fi rẹ̀ yín. Ó nídìí, ẹ ó sì gbọ́ ọ tí a bá débẹ̀. Ìyá Ládépò, má rẹ́rìn-ín. A ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọdẹ́rìndé yìí, ẹ̀yin ará mi, kì í ṣe ọdẹ tí ń dúró lẹ́yìn ahéré máa ṣọ́ òkété. Ó ti dé igbó tí ewé ibẹ̀ ń kí ènìyàn kí ènìyàn tó kí i. Ó ti bá iwin ta ayò, ó sì pa iwin náà láyò mẹ́sàn-án léraléra, títí iwin fi bú sẹ́kún tó ní òun ń lọ sọ fún ìyá òun. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà láyé tí ọkàn Ọdẹ́rìndé máa ń rọ̀ sí bí ògì. Táíbàtù ni, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti kú. Eyín méjì péré ló wà lẹ́nu ọmọ náà nígbà tó gbà á tọ́. Láti ìgbà tó ti mọ̀rọ̀ọ́ sọ ló ti ń bi í ní ìbéèrè. "Bàámi, kí ló dé tí èéfín fi ń lọ sókè? Bàámi, kí ló dé tí ìbọn fi ń ta yín léjìká padà?" Ọdẹ́rìndé kò mọ ìdáhùn ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kò sọ fún un rí pé kó dákẹ́. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Lọ wò ó, kí o wá sọ fún mi."

Bí Táíbàtù ṣe lọ wò ó nìyẹn, tó wò ó títí tó fi di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan sì fún un ní ètò tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Lọ́jọ́ tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bàámi Ọdẹ́rìndé ni olùkọ́ mi àkọ́kọ́. Àwọn ló ní kí n lọ wò ó." Inú Ọdẹ́rìndé dùn débi pé ó kọjú sógiri, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ata ló kó sí òun lójú. Kò sí ẹni tó ń lọ ata nínú ilé lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni wàhálà dé. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ọkùnrin tó ń so aago mọ́ ọwọ́ méjèèjì, pe Táíbàtù wọlé. Ó ní, "Ètò rẹ dára, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń sùn nídìí rẹ̀. Mo fẹ́ kí nǹkan bú. Nǹkan ńlá, tí ẹni tó ń jẹun á gbàgbé òkèlè sẹ́nu. Tí nǹkan kan ò bá bú ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, mo máa fi àsìkò rẹ sílẹ̀ fún ètò bí a ṣe ń wé gèlè."

Táíbàtù ti ń retí èyí. Ó ti ní ìwé kékeré kan tó ń kọ oríṣiríṣi ohun tó lè bú sí. Bàrà olómi ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó ní kí wọ́n máa ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ níbàdí lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi há débi tí yóò bú. Wọ́n ti igba rọ́bà bọ̀ ọ́, bàrà ní ìbàdí, kò bú. Ẹni tó ń ya àwòrán ló padà gé e jẹ. Táíbàtù fa ìlà sí i nínú ìwé, ó bọ́ sórí táyà tírélà. Ọkùnrin mẹ́ta fẹ́ atẹ́gùn sí i láti àárọ̀ títí ó fi rẹ̀ wọ́n, táyà wá ṣe fúùùù, ó dọ̀bálẹ̀. Ó wá ku èlùbọ́. Wọ́n ní èlùbọ́ tó bá fò káàkiri inú atẹ́gùn lè gbiná lójijì. Atẹ́gùn yí padà, ó da gbogbo èlùbọ́ bo Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé láti orí dé bàtà, aago rẹ̀ méjèèjì sì dákẹ́. Ó nu imú, ó ní, "Sátidé, Táíbàtù. Aago mẹ́rin."

Ìgbà náà ni Táíbàtù kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sórí fóònù Ọdẹ́rìndé. Ẹ fetí sílẹ̀, nítorí ibí yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ohun tó kọ rèé: "Baami, e dakun, e ba mi wa etu gidi to le bu daadaa niwaju gbogbo eniyan. Irole Satide ni o. Ise mi wa lowo yin."

Kò sí àmì ohùn kan lórí rẹ̀, kò sí ẹyọ àmì kan lábẹ́ rẹ̀. Bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń tẹ fóònù nìyẹn, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọdẹ́rìndé gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó na fóònù jìnnà, ó kà á. Ó rí "etu", ó kà á sí ẹtu, ẹran inú igbó, oníwo kékeré, ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó rí "bu", ó kà á sí kí a bú ènìyàn, kí a sọ̀rọ̀ sí i kójú tì í. Ẹtu gidi tó lè bú ènìyàn dáadáa!

Ìyàwó rẹ̀ wà nítòsí tó ń ṣa ẹ̀wà. Obìnrin náà ní, "Baálé mi, ṣé kì í ṣe ẹ̀tù ni ọmọ yìí ní? Ẹ̀tù ìbọn? Dúdú tó wà nínú ìwo tí ẹ gbé kọ́ ìbàdí yẹn?"

Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín àgbà. Ó ní, "Ọmọ tó kàwé tó báyìí! Ẹ̀tù wo ni yóò máa bẹ̀ mí fún, èyí tó kún ìbàdí gbogbo ọdẹ? Ìyanu ni àwọn ará tẹlifíṣàn ń wá. Ẹtu ló wí. Lọ bá mi di gúgúrú sápò."

Ìyá Ládépò, mo ní kí o má rẹ́rìn-ín. Wò ó bó ṣe di ẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Ọdẹ́rìndé gbéra. Ó kọjá ìlú àwọn tí ń fi etí rìn, tí ń fi ẹsẹ̀ gbọ́rọ̀, ó kí wọn ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀, wọ́n dáhùn. Nígbà tó dé ẹnu igbó iwin, iwin kan dìde lójú ọ̀nà. Imú méje ló wà lójú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Onímúméje. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, iná náà ń jó fòfò.

Iwin ké, "Dúró, ọmọ ènìyàn! Kí ló ń gbé inú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní fèrèsé, tó jẹ́ pé ọjọ́ tó bá jáde, ilé náà á fọ́?"

Ọdẹ́rìndé lu àyà gbìn-ìn. "Ọmọ adìyẹ inú ẹyin! Kí wọ́n tó bí mi ni mo ti mọ̀ ọ́n."

"O gbà á, ṣùgbọ́n ìdajì lo gbà. Ìdáhùn kejì wà níwájú, ó tóbi ju ẹyin lọ. Lọ́jọ́ tí o bá fojú kàn án, wàá mọ̀. Ó ku ohun kan. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá níbí gbọ́dọ̀ fún mi ní ohun tí kò wúlò fún un jù lọ nínú ẹrù rẹ̀."

Ọdẹ́rìndé yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Àdá wúlò. Awò ojú wúlò. Gúgúrú, kí Ọlọ́run má jẹ́. Ó wá kan ìwo ẹ̀tù. Ó ronú pé òun fẹ́ mú ẹtu láàyè, òun ò ní yìnbọn, kí wá ni òun fẹ́ fi ẹ̀tù ṣe nígbà tí òun ń lọ wá ẹtu? Ó tú ìwo ní ìbàdí, ó fà á lé iwin lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará! Ẹ bá mi káwọ́ lérí!

Onímúméje ṣí ìwo, ó rí ohun dúdú lẹ́búlẹ́bú. Ó ní, "Háà, áṣáà!" Kí Ọdẹ́rìndé tó lanu, ó ti ta á sí imú méjèèje, imú kan ò gbẹ́yìn. Ó wá sín. Iná ìdáná rẹ̀ ló sín sí. GBÀÙ! Iwin fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ó kọjá orí ìrókò, ó kọjá ibi tí àṣá ń fò dé, ó kan ìkùukùu, Ọdẹ́rìndé sì jẹ gúgúrú tán kó tó padà wálẹ̀. Èéfín ń rú ní imú méje, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀.

"Ọmọ ènìyàn! Ẹ̀tù rẹ yìí mà bú o! Ó bú dáadáa!"

Ọdẹ́rìndé ní, "O ò tíì rí nǹkan. Dúró de ẹtu tí mò ń lọ mú."

Iwin pariwo ohun tí Táíbàtù ń wá gan-an sí i létí, ẹ̀yin ará, kò gbọ́. Ó sì ní kí iwin fọ̀nà hàn òun! Iwin nawọ́, ó ní, "Ẹtu tó ń bú ènìyàn? Ìlú Àmúmọ́ra ló ń gbé. Ọ̀nà tí o bá rí tó ń gbọ̀n, òun ni kí o tẹ̀lé."

Ọ̀nà náà ń gbọ̀n lóòótọ́. Ìgbà tí Ọdẹ́rìndé dé ìlú náà ló mọ ohun tó ń mú un gbọ̀n. Gbogbo ará Àmúmọ́ra, lọ́kùnrin lóbìnrin, ló ru ikùn gbẹ̀ǹdẹ̀kù síwájú. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n ń jókòó jẹ́jẹ́, wọn kì í fo kòtò. Bí ènìyàn bá sì fetí sílẹ̀, á máa gbọ́ nǹkan nínú ikùn wọn: hín-hín, hín-hín. Kò sí ẹnì kan tó ń rẹ́rìn-ín.

Baálẹ̀ wọn ló tóbi jù. Àga mẹ́ta ló fi ń jókòó. Ìkíni ọdẹ tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì sọ̀rọ̀ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kó má baà mì.

"Ẹtu tí o ń wá, ó wà lẹ́yìnkùlé mi. Mi ò tíì gbéyàwó nígbà tó dé ìlú yìí. Tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, kò ní dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá yin ara rẹ̀ létí rẹ̀, á bú u. Èébú rẹ̀ máa ń dùn, òótọ́ ló sì máa ń jẹ́! A rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín. A ò lè roko mọ́. Ẹni tó lọ pọnmi á jókòó sétí odò máa rẹ́rìn-ín, àwọn tó lọ wá a náà á jókòó tì í. Làwọn bàbá wa bá sọ ẹ̀rín di èèwọ̀. Tó bá ti dé ọ̀nà ọ̀fun, a máa ń gbé e mì. Ọgọ́ta ọdún ẹ̀rín ló wà níbí yìí, àlejò mi." Ó fi ìka kan ikùn rẹ̀. Ikùn náà ní hín-hín-hín.

Ẹtu náà yọjú. Kò ga ju orúnkún lọ. Ó ń jẹ èèpo iṣu, ó wo Ọdẹ́rìndé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ń dúró. Ọdẹ́rìndé rí ojú yẹn, ó pa ẹnu mọ́ pin.

Baálẹ̀ ní, "Mú un lọ, mo fi ta ọ́ lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n mo máa bá yín lọ. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i pé ó jìnnà sí ìlú mi. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí n kọsẹ̀."

Ẹ ti gbọ́ ìṣòro tí àwọn ọdẹ ń rí lọ́nà: ejò olórí mẹ́rin, odò tí ń hó. Ọdẹ́rìndé rí gbogbo wọn, ó pọn Baálẹ̀ sẹ́yìn, ó là á kọjá. Ìyẹn kò ni í lára. Ohun tó fẹ́ pa á ni pé, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ẹtu ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó na etí, kò sì gbọ́dọ̀ fọ́nnu! Ó pa ejò olórí mẹ́rin, kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun ló pa á. Ó fo odò, ó ní atẹ́gùn ló gbé òun. Ahọ́n rẹ̀ wú. Ìfọ́nnu kún inú rẹ̀ débi pé ó ń ta á nígbáròkó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé ìyà ńlá nìyẹn.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n dé pápá tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn. Èrò ti pé bìbà. Àwọn panápaná ti gbé ọkọ̀ pupa wọn dúró, wọ́n ti to àpò yanrìn yípo bí ilé kékeré, kámẹ́rà mẹ́ta kọjú sí i. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ń wo aago ọ̀tún, ó ń wo ti òsì. Táíbàtù sáré pàdé Ọdẹ́rìndé, ó kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti wà ní ìbàdí rẹ̀ kó tó dìde.

"Bàámi, ẹ káàbọ̀. Ìwo yín dà? Ẹ̀tù ńkọ́?"

Ọdẹ́rìndé nawọ́ sí ẹran náà. "Òun nìyí. Ẹtu gidi. Ó lè bú dáadáa."

Táíbàtù wo ẹtu. Ẹtu wo Táíbàtù. Ọmọ náà ní, "Bàámi, ẹ̀tù ni mo ní. Ẹ̀tù ìbọn. Díẹ̀ péré, tí àwọn panápaná á bá mi dáná sí."

Háà. Ara Ọdẹ́rìndé tutù. Ó rántí ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀wà. Ó rántí Onímúméje lókè ìkùukùu, tó ń ké pé ẹ̀tù rẹ̀ bú dáadáa. Ó ń retí kí Táíbàtù bínú sí i. Táíbàtù kò bínú. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó ní, "Èmi ni mi ò fàmì sí i, Bàámi. Ẹ ṣeun. Ẹ ti rìn jìnnà nítorí mi." Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ọdẹ́rìndé ju bí ìbọn ṣe lè dun ènìyàn lọ. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

Gbé e mì! Bí ó ṣe rò ó báyìí ni etí rẹ̀ gbọ́ ohùn kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀: hín-hín. Ó yí padà. Baálẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó ti fẹ́ ṣẹ́, ó rọra gbé ikùn rẹ̀ lé orúnkún. Ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní fèrèsé. Ọdẹ́rìndé rí ìdáhùn kejì.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Baálẹ̀ létí. "Baálẹ̀, ilẹ̀ ta la wà yìí?"

"Ilẹ̀ yín ni."

"Ṣé ẹ̀rín jẹ́ èèwọ̀ níbí?"

Baálẹ̀ la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Kò ronú kan ìyẹn rí láyé rẹ̀. Ọdẹ́rìndé àti àwọn panápaná mẹ́rin gbé e, wọ́n rọra gbé e jókòó sáàárín àpò yanrìn. Aago mẹ́rin lù. Iná pupa tàn lórí kámẹ́rà, gbogbo ilẹ̀ yìí ń wò. Ohun kan ṣoṣo ló kù, Ọdẹ́rìndé sì mọ̀ ọ́n. Ẹtu yẹn kì í bú ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọ́nnu, kó sì gba èébú náà lójú ayé, lójú àna rẹ̀, lójú àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó wo Táíbàtù. Ó ṣí fìlà, ó bọ́ síwájú kámẹ́rà.

"Èmi Ọdẹ́rìndé!" Ọjọ́ mẹ́ta ìfọ́nnu ló ń jáde yẹn, ilẹ̀ ń mì. "Èmi tí ẹkùn ń rí tó ń bọ́ bàtà! Èmi tí mo ka ìwé láìlọ ilé ìwé, tí mi ò ṣi ọ̀rọ̀ kà rí! Ta ló gbójú tó mi? Ta ló gbọ́n tó mi?"

Ẹtu tu èèpo iṣu dànù. Ó tẹ̀ síwájú.

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tí ọ̀kẹ́rẹ́ lé wọ odò lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí o délé tí o ní ẹkùn ni! Ìyàwó rẹ sọ òótọ́ nídìí ẹ̀wà, o ní kó lọ di gúgúrú! Ẹ̀tù wà ní ìbàdí rẹ, o lọ wá ẹtu nígbó iwin. O fi ẹ̀tù tọrọ ọ̀nà lọ sídìí ẹtu! Iwin fi ẹ̀tù bú gbàù lójú rẹ, ó fò lọ sókè, ó padà wálẹ̀, ó tún ṣàlàyé fún ọ, o ń jẹ gúgúrú! Orí rẹ ń lo fìlà méjì, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò kún ìdérí ìgò!"

Ẹni tó ń ya àwòrán ki apá aṣọ bọ ẹnu. Láti àárín àpò yanrìn, wọ́n gbọ́ ọ: hín. Hín-hín. Hín-hín-hín. Ojú Baálẹ̀ pọ́n, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò, nítorí ọgọ́ta ọdún ti kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé e mì.

Ọdẹ́rìndé ké tantan. "Baálẹ̀, ẹ má gbé e mì!"

Baálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

GBÀÙÙÙ! Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dìde sọ èyí. Àpò yanrìn fò bí ẹ̀fọn. Páànù ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ká kò bí ewé ẹ̀kọ. Fìlà Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé gbéra, ìlú kẹta ni wọ́n ti rí i. Omi inú ọkọ̀ panápaná hó, ó sì tú jáde fúnra rẹ̀. Ẹ̀rín náà tàn ká pápá, ẹni tó bá ti kàn á á ṣubú lulẹ̀. Àwọn panápaná ń yí nínú koríko. Kò sí ẹni tó fara pa o! Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Baálẹ̀ ni wọ́n rí láàárín rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú agbádá tó gba ènìyàn mẹ́fà, ó ń fo sókè, ó ń ké pé, "Ara mi fúyẹ́! Ara mi mà fúyẹ́ o!"

Táíbàtù nìkan ló dúró. Ẹ̀rín ń pa á, omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni. Ó di ohùn rẹ̀ mú, ó kọjú sí kámẹ́rà. "Ẹ̀yin ará ilé, ohun tí ẹ rí yìí ni sáyẹ́ǹsì. Ohun tó bá há sí ibi tóóró, tó ń pọ̀ sí i, tí kò rọ́nà jáde, ó ń ti ògiri láti gbogbo ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí ògiri ò bá lè dá a dúró mọ́, á bú." Ẹni tó ń jẹun nílé gbàgbé òkèlè sẹ́nu lóòótọ́. Fóònù ilé iṣẹ́ náà dún títí ó fi gbóná. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé wà nílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lu koríko, ó ní, "Sátidé tó ń bọ̀! Sátidé tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Baálẹ̀ dá a lóhùn. "Ìlú mi kún fún àwọn tó wú bí mo ṣe wú. Mo máa rán wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan."

Bí ètò Táíbàtù ṣe yè nìyẹn. Ó wá dì mọ́ Ọdẹ́rìndé, ó ní, "Bàámi, ẹ ò ṣì í kà. Ó bú dáadáa." Ọdẹ́rìndé sunkún níwájú kámẹ́rà mẹ́ta, kò sì dárúkọ ata. Ẹtu náà kò padà sígbó mọ́. Ó ní àga tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táíbàtù, Sátidé Sátidé ló ń jókòó síbẹ̀. Etí rẹ̀ sì mú débi pé bí ẹnikẹ́ni bá yin ara rẹ̀ níwájú tẹlifíṣàn tó wà ní títàn, yóò gbọ́ ọ láti ibi tó wà. Iná sì lè dé nígbàkigbà. Ṣé ẹ wá mọ ìdí tí n kò fi sọ pé "èmi ni"?

Ẹ gbọ́! Iná dé! Ẹ tan tẹlifíṣàn, ẹ ṣí fèrèsé pálọ̀ kí gbogbo wa lè rí i. Táíbàtù nìyẹn. Ẹ wo àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ rí ìwo kékeré méjì yẹn? Ta ló ń sọ lẹ́yìn lọ́hùn-ún pé irọ́ ni, pé kò sí ọdẹ tó lè mú irú ẹran bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti igbó iwin? Ta lo rò pé ó mú un wá, ìwọ ọmọkùnrin yìí? Èmi ni! Èmi Ọdẹ́rìndé, èmi tí...

Yéè. Ó ti yíjú. Ó ti tu èèpo iṣu dànù. Ẹ pa á, ẹ tètè pa tẹlifíṣàn yẹn! Ó ti pẹ́ jù, ó ń la ẹnu bọ̀.

Ìyá Ládépò, ojú ẹ ti pọ́n. Má gbé e mì mọ́. Ó yá, rẹ́rìn-ín.